Àwòrán Tí Wọ́n Mú Fúyẹ́

Lọ́dún tí epo bẹntiróòlù di ohun tí à ń fojú wò, jẹnẹrétọ̀ ilé àyẹ̀wò tí Ṣìkẹ́mi ti ń ṣiṣẹ́ ní Ijapo, l'Ákùúrẹ́, kì í ju àárọ̀ lọ kí wọ́n tó pa á. Kọ̀ǹpútà ibẹ̀ náà ti gbó. Àwòrán inú ara ènìyàn kan ṣoṣo, tí ẹ̀rọ ti gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi búrẹ́dì kó tó tún un tò pọ̀, lè mú un dákú. Ìdí nìyẹn tí Ṣìkẹ́mi fi kọ ètò kan tó ń mú àwòrán fúyẹ́. Ibi tó bá tẹ́jú nínú ara, ètò náà á yọ púpọ̀ kúrò nínú àwọn onígun-mẹ́ta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi hun ún. Ibi tó bá wú tàbí tó jìn, á fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn ẹbí aláìsàn á wá lè máa yí àwòrán náà síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí fóònù.

Nígbà tí àwòrán Tísà Yéjídé dé, ìyẹn olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Oǹdó, ètò náà dín gbogbo rẹ̀ kù, àfi kókó kan lára ẹ̀dọ̀. Dókítà Dúrótoyè, ọ̀gá rẹ̀, dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, ó ń wò ó.

“Èyí tí a máa fi ránṣẹ́ sí ọmọ wọn, bá mi tẹ́ kókó yẹn pọ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀.”

“Sà? Ibi tí àìsàn gan-an wà nìyẹn.”

“Mo mọ̀.”

“Mi ò lè ṣe é, sà.”

Dókítà kò bá a jà. Ó gba mọ́óòsì lọ́wọ́ rẹ̀, ó kun ojú ibẹ̀, ó tẹ́ ẹ. Ẹ̀dọ̀ náà dán bọ̀rọ́ bí ẹ̀yìn ṣíbí. Ṣìkẹ́mi fi èyí tí wọn kò tíì tẹ́ pamọ́ sórí fóònù rẹ̀.

Ọmọ náà, Akíntóyè, pè lọ́sàn-án.

“Sìstá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èsì Màmá ti jáde? Ọjọ́ Àìkú ni mò ń lọ sí Kánádà. Òun nìkan ni mò ń dúró dè.”

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó iṣu wá fún dókítà láti ilé Tísà Yéjídé. Dókítà wo iṣu náà títí, lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n kó o fún olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Owó ẹ̀yìn ni iṣu yẹn, bí olè ṣe ń ṣe nìyẹn, ni Ṣìkẹ́mi sọ lọ́kàn ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò lè jẹun mọ́ ní yàrá tí ọkùnrin náà bá ti jẹun. Ti ọmọ náà tilẹ̀ burú jù: kí ènìyàn ra irọ́ fún ìyá tó bí i, kó lè ráàyè sá lọ!

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó. Ó bá Akíntóyè ní pálọ̀, ìyá rẹ̀ ń ká aṣọ òtútù sínú àpótí fún un. Ṣìkẹ́mi kò jókòó. Ó na fóònù rẹ̀ sí wọn.

“Màmá, àwòrán yín gangan rèé. Irọ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́ síbí. Ẹ wo kókó yìí.”

Akíntóyè ló gba fóònù náà. Ó yí àwòrán náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó mú tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú kúrò lórí àpótí, ó fà á ya.

“Mi ò lọ mọ́,” ló wí.

Ìtìjú ló mú un, ni Ṣìkẹ́mi rò, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ díẹ̀.

Tísà Yéjídé gbé aṣọ òtútù náà sílẹ̀. Wọ́n wo Ṣìkẹ́mi láti òkè délẹ̀ bí ẹni ń wo èébì ajá.

“Ta ló rán ọ?” ni wọ́n bi í. “Èmi yìí ni mo kúnlẹ̀ bẹ Dúrótoyè pé kó tẹ́ kókó yẹn, kí ọmọ mi má baà mọ̀, kó lè lọ.”