Orúkọ Tí Ẹnu Mi Ò Gbà

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí ẹ̀rọ tó ń gba ìwé ẹ̀tọ́ ní ọ́fíìsì ìjọba dá ìwé wa padà. Bí aago mẹ́rin bá lù, ẹ̀tọ́ orí àdògán tí olóògbé ọkọ mi ṣe, èyí tó máa ń gbiná bí a bá kọrin sí i, ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nìyẹn. Mi ò lè jókòó, mi ò lè dúró.

Àbúrò ọkọ mi ló jogún rẹ̀, òun náà ló fẹ́ fi ẹ̀tọ́ náà lé mi lọ́wọ́. Òun jókòó ní tirẹ̀, ó ń jẹ gúgúrú.

Ẹ̀rọ ní, “Ìyá, ẹ fi ohùn yín sọ ọ́. Ta ló fún yín?”

“Eyínfúnjowó ni.”

“Kò sí orúkọ yẹn nínú ìwé.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ. Ìyàwó wo ló ń pe ọmọ ilé lórúkọ?

“Ìyàwó, pè mí lórúkọ jàre! Mo fún ọ láyè.”

“Ọkọ mi, ẹnu mi ò gbà á.”

Ó ku ìṣẹ́jú méjì. Ni mo bá bẹ́ sí ijó, mo ń kọrin:

“Moróhunfólú, ọmọ onílé,
Ó fún mi níná, mo yọ̀ o!”

Eyínfúnjowó da gúgúrú nù, ó ń gbè é.

Ẹ̀rọ ní, “Ìwé yín ti wọlé.”

Ẹ má bi mí o. Mi ò pe ọmọ ilé lórúkọ, orin ni mo kọ.