Ẹ̀rọ Omi Tí Màmá Kò Mọ̀ Ọ́n Lò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ pa á tì. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá ní àgbàlagbà nílé.

Onídìrí kan wà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè ní Àǹtí Afínjú. Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé. Ojú Màmá ti di bàìbàì, àmọ́ wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wẹ̀ fún wọn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ẹ̀rọ omi balùwẹ̀: tí wọ́n bá yí ti òsì, omi gbígbóná ni, ti ọ̀tún, omi tútù.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Àǹtí Afínjú mú púlọ́ńbà tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe dání, ó di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á.

Púlọ́ńbà ní, "Ẹ jẹ́ ká mú èyí, mà. Bó ti wù kí wọ́n yí i tó, omi rẹ̀ kì í gbóná ju ohun tí ara lè gbà lọ. Ẹ ro ti Màmá."

"Èyí tó rí jágbajàgba yìí? Èyí tó ń dán bíi wúrà lọ́hùn-ún ni mo fẹ́."

"Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń yí lára ìyẹn, mà, apá ọ̀tún ló sì ti ń gbóná. Ó máa rú Màmá lójú."

"Ṣé ìwọ lo ni balùwẹ̀ ni, àbí èmi?"

Púlọ́ńbà bá gbé èyí tó ń dán náà. Nígbà tó rì í mọ́ ògiri tán, ó tún bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ Màmá bí wọ́n ṣe ń lò ó. "Mo ti gbọ́," ni Àǹtí wí. Fọ́tò ẹ̀rọ náà ló ń yà, tó ń fi ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń ka ọ̀rọ̀ ìyìn àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù lọ́wọ́ nígbà tí igbe ta. Màmá ti yí i sápá ọ̀tún, wọ́n ń wá omi tútù. Bí omi ṣe ń jó wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún ń yí i sí ọ̀tún sí i. Kí Àǹtí tó já ilẹ̀kùn wọlé, àyà àti itan wọn ti bó.

Ní ọsibítù, Màmá ló ń pàrọwà fún un. "Má sunkún mọ́, ọmọ mi. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò."

"Rárá o, Màmá! Èmi ni mi ò kọ́ yín!"

"Ṣé ó tiẹ̀ lẹ́wà? Ojú mi ò gbé e."

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Màmá dákẹ́.

Ẹ gbọ́ o! Kí ẹ tó pààrọ̀ ẹ̀rọ omi, ẹ béèrè ẹni tó máa lò ó. Ẹ jẹ́ kó dì í mú, kó yí i níṣojú yín. Ẹ fi ọwọ́ yín tọ́ omi náà wò kí àgbàlagbà tàbí ọmọdé tó bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí oníṣẹ́ bá kìlọ̀ fún yín, ẹ má torí pé ẹ̀yin lẹ pè é kí ẹ sọ ọ́ di ẹni yẹpẹrẹ. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká fọwọ́ ara wa ṣe ara wa.