Híńjì Tí Kì Í Dún

"Ta ló rí Tẹniọlá?"

Ìyá àgbà kan ló ké bẹ́ẹ̀ láti pálọ̀. Káfíńtà tó ń to kọ́bọ́ọ̀dù sí ilé ìdáná ìyá àgbà náà ní Ìpele dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Híńjì ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn ló ti ń wá láti ẹ̀ẹ̀kan; wàyí o, ọmọ ọdún méjì ló tún sọnù.

Ó wo pákó tó fi ṣe tábìlì. Ìdérí kànga ni. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá láàárọ̀.

Ó sáré dé ẹ̀yìnkùlé, ó bẹjú wo kànga. Omi dúdú, ó parọ́rọ́.

"Káfíńtà, ta ló ṣí kànga mi?" Ìyá àgbà ti dé ẹ̀yìn rẹ̀.

"Màmá, èmi ni."

"O ò mọ̀ pé ọmọ wà nílé? Lọ gbé okùn wá!"

Ó sáré padà sí ilé ìdáná. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ rọra ṣí níwájú rẹ̀. Inú ibẹ̀ ni Tẹniọlá jókòó sí, ó di híńjì tí káfíńtà ń wá mú. Ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì fa ilẹ̀kùn náà dé.

Híńjì tí màmá fọwọ́ ara rẹ̀ yàn lọ́jà Ọ̀wọ̀ ló wà lára ilẹ̀kùn náà, nítorí kò fẹ́ ariwo. Kò dún rárá.