Ewéko Màámi Lójú Fèrèsé

Aránṣọ kan ṣì ń fi ìka tẹ iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ìdí ewéko kan nínú ìkòkò nígbà tó gbọ́ tí wọ́n pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé níta. Bàbá rẹ̀ ti ti ilé ìwòsàn dé. Ó sáré gbé ìkòkò náà sójú fèrèsé, níbi tí oòrùn ti ń tàn.

Ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé ló kọ́kọ́ gbin irú rẹ̀ síbẹ̀: ewé kíki tó tò yí ara wọn ká bí òdòdó, tí etí wọn pupa fòò. Kí Bàbá tó lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, ó ti kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ni kó máa bomi rin ín. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ọmọ ń bomi rin ín, títí gbòǹgbò fi jẹrà. Àárọ̀ yìí ló lọ ra èyí tó fi rọ́pò rẹ̀.

Bàbá wọlé, kò tilẹ̀ jókòó, ojú fèrèsé ló kọrí sí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ewé kan.

"Èyí kọ́ ni mo fi sílẹ̀."

Aránṣọ náà kúnlẹ̀. "Bàbá mi, ẹ dákun, ẹ má bínú. Omi ni mo fi pa ti Màámi."

"Ta ló sọ fún ọ pé ti ìyá rẹ ni?"

Ó gbójú sókè. Ilẹ̀ ni bàbá ń wò.

"Ọ̀sẹ̀ tí a sin ín ni tiẹ̀ kú. Omi ni èmi náà fi pa á. Èyí tó o pa yìí, ìkẹrin tí mo rà nìyẹn. Ìwọ ni mò ń bẹ̀rù tí n kò fi sọ."

Ó na ọwọ́ sí i. "Dìde. Níbo lo ti rí èyí rà? Ó pupa ju tèmi lọ."