Ẹni Tí Wọ́n Yẹgi Fún Lánàá

"Òun nìyẹn," ìyá arúgbó ní, ó nawọ́ sí ọkùnrin tó ń jẹ búrẹ́dì lójú aṣọ funfun tí wọ́n ń fi sinimá hàn lé. "Wò ó dáadáa."

Gbọ̀ngàn ilé ìwé ní Mọ́níyà ni, wọ́n fi ẹní dí fèrèsé kí oòrùn ọ̀sán má wọlé. Fàtímọ̀, ìyàwó Mùnírù ọmọ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sétí ẹ̀.

"Ìyá, ẹ dìde. Lọ́rí ti fẹ́ gbéra. Òní nìkan ni wọ́n gbà ká rí Mùnírù lẹ́wọ̀n, torí àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa yẹgi fún un."

"Bíi ti eléyìí, àbí? Lójú mi báyìí ni wọ́n fi okùn sí i lọ́rùn lánàá, tí gbogbo wa ń sunkún. Òun ló tún jókòó tó ń jẹ búrẹ́dì yìí."

"Eré ni, Ìyá. Èyí tẹ́ ẹ wò lánàá náà ni wọ́n tún ń fi hàn."

"Ta ló sọ fún ẹ? Ìjọba kàn ń dẹ́rù bà wá ni, ṣe ni wọ́n ń kó wọn pamọ́. Ṣé o ti rí ibi tí wọ́n ti gbé òkú ẹnì kankan fún ìyá ẹ̀ rí?"

Fàtímọ̀ bojú wo ẹnu ọ̀nà. Ìyá wò ó látòkè délẹ̀.

"Mo ti ń fura sí ẹ. Látọjọ́ tí wọ́n ti mú un lo ti ń sunkún bí opó."

Lọ́rí fun fèrè níta. Fàtímọ̀ di ọwọ́ ẹ̀ mú, ìyá fà á yọ.

"Máa lọ. Sọ fún un kó má bẹ̀rù. Tí wọ́n bá yẹgi náà tán lọ́la, màá gbé oúnjẹ wá fún un lọ́túnla."