Bọ́tìnì Ògbufọ̀ Ìyá Ibídùn

Gbogbo ọjọ́ Àìkú, kí àlejò tó dé sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó nílùú Ọba, nọ́ọ̀sì a fi bọ́tìnì ògbufọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń túmọ̀ Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, há ọrùn aṣọ Ìyá Ibídùn. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu màmá, etí rẹ̀ nìkan ló ṣì ń gbọ́ ọ. Ibídùn, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, kò sì gbọ́ Yorùbá.

"Ibídùn, omi tútù ni wọ́n fi ń wẹ̀ mí. Ẹ̀rù wọn ń bà mí. Mú mi lọ sílé."

Bọ́tìnì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì: "Màmá ní wọ́n ń wẹ òun dáadáa, ó sì ń wu òun láti wá kí yín nílé." Òfin ilé ìtọ́jú náà kò gbà kí ó sọ ohun tí yóò ba àlejò lọ́kàn jẹ́.

Ibídùn rẹ́rìn-ín. "Ọkàn mi balẹ̀, Mọ́mì."

Màmá já bọ́tìnì náà jù sílẹ̀, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú ṣinṣin. "Irọ́ ló ń pa! Ọmọ mi, ìyà ń jẹ mí níbí."

Ojú Ibídùn yí padà, bí ẹni tó gbọ́ orin tí wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́ sùn nígbà èwe. Ó tẹ́tí, ó tún tẹ́tí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí nọ́ọ̀sì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn fi í padà. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ."

Nọ́ọ̀sì mú un nílẹ̀, ó fi há a lọ́rùn aṣọ. Àwọn méjèèjì wá ń wo ẹnu màmá, wọ́n ń retí ohun tí yóò sọ.