Orúkọ Tí Àpótí Fẹ́ Gbọ́

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń mí gúlegúle. Oògùn ikọ́ fée wọn wà nínú àpótí tí mo fi ọ̀kadà gbé wá. Blọkiṣéènì, ìwé àkọsílẹ̀ orí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn wa sílẹ̀, kò ní í ṣí i àfi kí èmi akẹ́rù pe orúkọ ẹni tó ni ín.

"Eyínfúnjowó," ni mo pè, orúkọ tí mo sọ wọ́n nígbà tí mo wọlé ọkọ.

"N kò mọ̀ ọ́n," ni àpótí wí. "Bí o bá tún ṣì í pè, mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

"Ìyàwó, pe èyí tí bàbá mi sọ mí."

Mo kúnlẹ̀. "Lásùnkànmí Ọdẹ́wálé." Àpótí ṣí.

Wọ́n gba oògùn, wọn ò wojú mi. Ohun tó bá wọ ṣéènì kì í parẹ́. Ọmọ-ọmọ mi yóò gbọ́ bí mo ṣe pe àgbà lórúkọ. Kò ní í rí i pé mo kúnlẹ̀.